Touchscreen láptọ́ọ̀pù mi ò gbọ́ ọwọ́ mọ́, kí ni mo lè yẹ̀ wò kí n tó ra ojú tuntun?

Ayàwòrán

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù mi ti sú mi. Èyí tó ṣeé ká dẹ́yìn ni, téèyàn lè yí ojú ẹ̀ padà títí táá fi dà bíi tábúlẹ́ẹ̀tì, Windows 11 ló wà lórí ẹ̀. Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe, àwòrán inú ìwé àwọn ọmọdé, ọwọ́ ni mo sì fi ń ya èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí náà tí ojú ẹ̀ ò bá ti gbọ́ ọwọ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ohun tó ń ṣe é rèé. Iná ojú ẹ̀ ń tàn dáadáa, kò sán, kò sí ìlà kankan lórí ẹ̀, mouse ń ṣiṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tí mo bá fọwọ́ kàn án báyìí, ògiri ni mo fọwọ́ kàn. Nígbà míì á kàn ṣàdédé jí, màá yàwòrán díẹ̀, inú mi á ti máa dùn, á tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ìlà kan. Mo ti pa á, mo tún tàn án, kò yí nǹkan kan padà. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wò ó lóréfèé, kò tiẹ̀ tú u, ó ní gbogbo ojú ẹ̀ ni kí n pààrọ̀, owó tó sì pè pọ̀ gan-an.

Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Ṣé kò sí nǹkan témi fúnra mi lè yẹ̀ wò ná? Mi ò mọ̀ nípa inú kọ̀ǹpútà o, ẹ bá mi sọ ọ́ kó yé mi.

Tọ́pẹ́_K

Ẹ pẹ̀lẹ́ o àǹtí. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ pa á ẹ sì tàn án. Lórí Windows, pípa àti restart kì í ṣe nǹkan kan náà o. Láti ìgbà Windows 8 tó jáde ní 2012 ni wọ́n ti fi nǹkan tí wọ́n ń pè ní Fast Startup sí i. Tẹ́ ẹ bá tẹ Shut down, kọ̀ǹpútà ò ní pa ara ẹ̀ tán, ó máa kọ apá kan nínú ohun tó wà lórí ẹ̀ pa mọ́ sórí dísìkì kó lè tètè jí tẹ́ ẹ bá tún tàn án, torí náà tí driver touch, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows bá touch sọ̀rọ̀, bá ti kú sínú ẹ̀, òkú yẹn náà ló máa gbé padà wá. Restart ló máa ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ Restart. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pa á pátápátá, ẹ di bọ́tìnnì Shift mú kẹ́ ẹ tó tẹ Shut down.

Èkejì, ẹ nu ojú ẹ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ ẹ ti fi omi díẹ̀ kàn lára nù ún. Aṣọ lẹ máa fi omi kàn o, ẹ má wọ́n omi sójú láptọ́ọ̀pù, ó lè gba etí ẹ̀ wọlé. Tó bá jẹ́ pé ẹ lẹ ike ìdáàbòbò mọ́ ọn, ẹ ṣí i kúrò kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó máa yàtọ̀.

Lékan_tẹki

Àǹtí, touchscreen tó bá ti ń kú tó ń jí, ojú ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kọ́kàn yín balẹ̀, gbogbo restart yẹn kàn máa fi àkókò yín ṣòfò ni.

BabaWáyà

Lékan, àbúrò mi, mi ò bá ẹ lọ lórí èyí. Iṣẹ́ tí mo ń jẹ nìyí, ọ̀pọ̀ touchscreen tí wọ́n sọ pé ó ti kú tí wọ́n gbé wá bá mi, gíláàsì ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Owó gidi ni wọ́n ń fi ra ojú tuntun, èèyàn kì í ná an lórí àbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ léèrè, ó máa sọ ibi tó ń dùn ún tá a bá mọ bá a ṣe ń bi í.

Àǹtí Ayàwòrán, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí tó bá ti yé yín, kò sẹ́ni tó máa kàn pe owó fún yín bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní lè bi í ní ìbéèrè. Ojú láptọ́ọ̀pù yín, nǹkan méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan ló ń fi àwòrán hàn. Èkejì wà lókè ẹ̀, òun ló ń gbọ́ ọwọ́. Wọ́n ti tẹ́ àwọn ìlà tín-ín-tín-ín tó ń gbé iná sábẹ́ gíláàsì yẹn, àwọn kan lọ ní ìbú, àwọn kan lọ ní òòró, ojú wa ò rí wọn torí pé wọ́n mọ́ gaara. Iná tó wà lára wọn kéré gan-an, àmọ́ ara èèyàn máa ń gba iná, torí náà tí ìka bá ti kan ibì kan, iná ibẹ̀ á yí padà díẹ̀, chip kékeré kan á ṣírò ibi tí ìyípadà yẹn ti wáyé gan-an, á wá fi ránṣẹ́ gba inú wáyà lọ sí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú láptọ́ọ̀pù tí gbogbo nǹkan so mọ́, ibẹ̀ ni Windows ti máa gbà á. Ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ lásán ò fi ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, tómi tó bá dà sí i fi máa ń dà á láàmú.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan níbẹ̀: pé àwòrán ń hàn dáadáa ò sọ nǹkan kan fún wa nípa apá tó ń gbọ́ ọwọ́. Ó lè jẹ́ gíláàsì, ó lè jẹ́ chip yẹn, ó lè jẹ́ wáyà tó wà láàárín wọn àti bọ́ọ̀dù, ó sì lè jẹ́ Windows ni kò gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni àtúnṣe kálukú wọn, owó wọn ò sì sún mọ́ra.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí About. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ Pen and touch sí. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n kọ nǹkan bíi "Pen and touch support with 10 touch points" síbẹ̀, a jẹ́ pé Windows rí touch yẹn, ó sì mọ̀ pé ó lè gbọ́ ìka mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jẹ́ "No pen or touch input is available for this display" lẹ rí, a jẹ́ pé Windows ò rí i rárá, lójú tiẹ̀, láptọ́ọ̀pù yín ò ní touchscreen. Ìlà kékeré yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó fọwọ́ kan síkúrù kankan.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kẹ́ ẹ tẹ X, ẹ yan Device Manager, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ Human Interface Devices sí. Ẹ wá HID-compliant touch screen níbẹ̀. Tí ọfà kékeré tó kọjú sísàlẹ̀ bá wà lára ẹ̀, wọ́n ti pa á ni, ẹ fi apá ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ yan Enable device. Tẹ́ ẹ bá rí igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè lára I2C HID Device, ìyẹn ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ touch ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, tó bá jẹ́ Code 10, ohun tó ń sọ ni pé òun rí i àmọ́ òun ò lè gbé e dìde. Tẹ́ ẹ ò bá wá rí touch screen kankan níbẹ̀, ẹ lọ sí View lókè, ẹ tẹ Show hidden devices. Tó bá yọjú lẹ́yìn ìyẹn àmọ́ tó ṣú bàìbàì, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé Windows rántí pé òun ti rí i rí, kò kàn rí i báyìí ni. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Tó bá wà níbẹ̀ tí kò sì ní àbàwọ́n, ẹ lè yan Disable device, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún yan Enable device. Tí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ yan Uninstall device kẹ́ ẹ ṣe restart, ẹ má bẹ̀rù, Windows fúnra ẹ̀ ló ní driver yẹn, á tún un gbé sórí ara ẹ̀ nígbà tó bá ń tàn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, ẹ má fọwọ́ kan èyí tí kì í ṣe touch screen, orúkọ tó jọra pọ̀ níbẹ̀, àwọn nǹkan míì tẹ́ ẹ ṣì nílò wà lára wọn.

Ẹ tún wo nǹkan ìpamọ́ iná. Kí bátìrì lè pẹ́, Windows máa ń pa àwọn nǹkan tí kò bá rí i pé ẹ ń lò, nígbà míì kì í jí wọn padà dáadáa, pàápàá tí láptọ́ọ̀pù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí látojú oorun. Nínú Device Manager yẹn náà, ẹ tẹ I2C HID Device lẹ́ẹ̀mejì, tàbí USB Root Hub tó bá jẹ́ pé USB ni touch tiyín ń gbà, torí ọ̀nà méjèèjì yẹn ni wọ́n sábà máa ń gbà so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá rí Power Management lókè, ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Kì í ṣe gbogbo láptọ́ọ̀pù ló ní in, tí tiyín ò bá ní, ẹ kọjá níbẹ̀.

Ọ̀kan rèé tó dà bí eré lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tó sì ti bá mi jí touchscreen tó pọ̀. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ fláàṣì àti gbogbo ohun tó bá wà lára ẹ̀, ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Iná tó kù sínú ẹ̀ máa gbẹ, chip tó bá ti há síbì kan á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń ṣe ìyẹn, ẹ gbìyànjú touch láìsí ṣájà lára ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣájà tí kò dáa máa ń da ariwo iná sínú láptọ́ọ̀pù, touch á máa ṣe wérewère tàbí kó má gbọ́ rárá, tẹ́ ẹ bá yọ ṣájà báyìí ara ẹ̀ á balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba driver tuntun, orí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà tó wà nídìí ẹ̀ wá a, ẹ wo ti chipset (àwọn chip tó ń darí bọ́ọ̀dù) àti BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó dìde) pẹ̀lú, kì í ṣe ti touch nìkan. Ẹ jìnnà sí àwọn ètò tó máa ń ní àwọn máa bá yín wá gbogbo driver lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹnu mọ́ ọn gidi gan-an. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí wọlé nínú wọn pọ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi wàhálà kan wá wàhálà míì.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ ṣí Paint. Ẹ dúró dìgbà tí touch bá jí, kẹ́ ẹ fi ìka kan fa ìlà láti etí òsì dé etí ọ̀tún, kó súnmọ́ra, títí ẹ fi máa kárí gbogbo ojú ẹ̀. Tí gbogbo ìlà bá ń já ní ibì kan náà, tí ibi tó ń já yẹn to ara wọn gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gíláàsì ló ṣe é, ìlà iná kan ti kú sínú ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ Lékan ti jóòótọ́ nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tán tàbí kí gbogbo ẹ̀ kú tán, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ẹ padà wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Ọmọ_Penguin

Baba, ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Windows ló ń dá yín láàmú, ẹ lè fi fláàṣì gbé Linux, ìyẹn ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, dìde láìfi í sórí láptọ́ọ̀pù rárá, Ubuntu fún àpẹẹrẹ máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò látorí fláàṣì, tẹ́ ẹ bá yọ fláàṣì tẹ́ ẹ sì tún un tàn, Windows yín á wà bó ṣe wà. Tí touch bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí kò kú, gíláàsì àti wáyà yín dáa, Windows ni kẹ́ ẹ bá jà. Tó bá ń kú níbẹ̀ náà bó ṣe ń kú ní Windows, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ara láptọ́ọ̀pù. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé Linux ò dá gbogbo touchscreen mọ̀, torí náà tó bá jẹ́ pé kò tiẹ̀ jí rárá, ẹ má tíì fìyẹn dájọ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣe é o, ẹ rí i dájú pé ẹ ní kọ́kọ́rọ́ BitLocker yín lọ́wọ́, BitLocker ni ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ló ti ti dísìkì pa láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, tẹ́ ẹ bá yí sẹ́tìn BIOS padà ó lè béèrè nọ́ńbà gígùn kan kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Orí àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà. Ẹ kọ ọ́ síta ná, orí ìwé ni o, kì í ṣe inú láptọ́ọ̀pù yẹn.

Ẹ̀bùn_ire

Ẹ jọ̀ọ́ tèmi náà súnmọ́ ọ, àmọ́ kò kú ní tiẹ̀, tí mo bá ti so láptọ́ọ̀pù mọ́ ojú ńlá míì báyìí tí mo sì fọwọ́ kan ojú láptọ́ọ̀pù, orí ojú ńlá yẹn ló ti ń tẹ nǹkan. Kí ni mo máa ṣe sí i?

BabaWáyà

Ẹ̀bùn, kò sí wàhálà níbẹ̀. Windows ò mọ èwo nínú ojú méjèèjì ló ní touch ni. Ṣí Control Panel, wá Tablet PC Settings, tẹ Setup. Ó máa gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú ojú kan pé kó o fọwọ́ kàn án tó bá jẹ́ òun ni touchscreen, tí kì í bá ṣe òun, tẹ Enter kó bọ́ sórí èkejì, ibẹ̀ ni kó o fọwọ́ kàn. Á dúró sáàyè ara ẹ̀.

Ayàwòrán

Ẹ ṣeun ṣeun, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, mo jókòó tì í dáadáa, ẹ jẹ́ n ro ohun tí mo rí bó ṣe rí.

Restart gbé e dìde lóòótọ́, àmọ́ ó tún kú nígbà tó yá. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó wà nínú About pé ó ń gbọ́ ìka mẹ́wàá. Nígbà tó kú, mo pa Settings dé mo tún ṣí i, ọ̀rọ̀ ti yí padà sí No pen or touch input. Mo wá sáré wo Device Manager, HID-compliant touch screen ti lọ kúrò níbẹ̀, ìgbà tí mo tẹ Show hidden devices ló yọjú, ó sì ṣú bàìbàì bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́. Mo ti yọ àmì ìpamọ́ iná yẹn, kò yàtọ̀. Mo ti tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, mo ti lò ó láìsí ṣájà, kò yàtọ̀. Mi ò tíì ṣe ti Linux torí mi ò ní fláàṣì tó ṣófo nítòsí.

Ní ti Paint, tó bá ti jí, ìlà ẹ̀ dán mọ́rán láti etí dé etí, kò já níbì kankan. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é. Mò ń fa ìlà lọ báyìí, mo ní kí n ti ojú ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kọ́wọ́ mi lè rọ̀ mí lọ́rùn, ìlà yẹn kú sójú kan lábẹ́ ìka mi. Mo fà á padà wá síwájú díẹ̀, mo gbọ́ ohùn kékeré tí Windows máa ń ṣe téèyàn bá ki fláàṣì bọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, touch sì jí. Mo tún tì í sẹ́yìn, mo gbọ́ ohùn kejì tó máa ń ṣe téèyàn bá fa nǹkan yọ, touch kú. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra níbì kan náà, díẹ̀ kọjá ibi tí ojú ẹ̀ bá dúró ṣánṣán. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí nǹkan?

BabaWáyà

Ó túmọ̀ sí nǹkan gan-an ni! Àǹtí, ẹ ti rí i. Ohùn yẹn ni ẹ̀rí tí mò ń wá. Windows ń sọ fún yín pé wọ́n ń fa touch yọ, wọ́n sì tún ń ki í bọ̀, ibi tí ìyẹn sì ti lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti ojú ẹ̀ síwá sẹ́yìn ni wáyà tó gba inú híńjì kọjá, látinú ojú láptọ́ọ̀pù wá sórí bọ́ọ̀dù. Gíláàsì tó ti kú kì í jí nítorí pé ẹ yí igun ojú ẹ̀ padà. Driver tó bàjẹ́ ò mọ igun tí ẹ ṣí láptọ́ọ̀pù sí.

Àwọn láptọ́ọ̀pù tó ń ká dẹ́yìn bíi tiyín, wáyà wọn ń jìyà ju ti àwọn yòókù lọ, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ká a ni wáyà pẹlẹbẹ yẹn ń lọ́ nínú híńjì. Nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀ sí i. Ó lè jẹ́ pé orí ẹ̀ ti yọ díẹ̀ lára ibi tí wọ́n ti kì í bọ bọ́ọ̀dù, èyí rọrùn, kéèyàn tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa ló kù. Ó sì lè jẹ́ pé irin tín-ín-tín-ín kan ti já nínú wáyà fúnra ẹ̀ níbi tó ti ń lọ́, èyí ní tiẹ̀, wáyà tuntun ló máa gbà, síbẹ̀ owó wáyà ò dé ibi tí owó gbogbo ojú dé rárá.

Kí ẹ tó gbé e lọ, ẹ kó iṣẹ́ yín síbòmíì. Mo ń tẹ èyí mọ́ yín létí. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan, wáyà touch àti wáyà àwòrán wà nínú ìdì kan náà, tí èyí bá ti ń já, ìyẹn lè tẹ̀ lé e, ẹ lè kàn tàn án lọ́jọ́ kan kí ojú ẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ má ká a dẹ́yìn mọ́ títí wọ́n fi máa ṣe é. Igun tí touch bá ti ń gbọ́ ni kẹ́ ẹ fi í sí, ẹ lò ó níbẹ̀.

Ẹ sì tún wo ìdí láptọ́ọ̀pù lórí tábìlì tó tẹ́jú. Tó bá ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, tàbí tí ibi tẹ́ ẹ ń fọwọ́ rin mouse lé ti wú sókè, bátìrì ló wú, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má ki ṣájà bọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, bátìrì tó wú lè gbiná. Mi ò rò pé òun ló ń ṣe tiyín, àmọ́ mi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e kiri láìwò ó.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, ohùn yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbọ́ kó tó sọ nǹkan kan. Ẹ ti ojú ẹ̀ síwá sẹ́yìn níwájú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ tú ìdí ẹ̀, kó yọ wáyà bátìrì lára bọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun míì, kó wá wo orí wáyà touch. Ọ̀pọ̀ wọn ní ìlẹ̀kùn kékeré tó máa ń di wáyà mú, èékánná ni wọ́n fi ń gbé ìlẹ̀kùn yẹn sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn kì í fa wáyà yọ lásán, ẹni tó bá fà á lè fa ibi tí wọ́n kì í bọ̀ já kúrò lórí bọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ wáyà tuntun ló máa gbà, nọ́ńbà wà tí wọ́n tẹ̀ sára èyí tó wà níbẹ̀, nọ́ńbà yẹn gan-an ni kó fi rà á, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́.

Lékan_tẹki

Ẹ ṣeun baba, mi ò mọ ti ohùn yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ tó bá wá jẹ́ pé gíláàsì ló sán ńkọ́, ṣé wọ́n lè pààrọ̀ gíláàsì òkè nìkan, àbí gbogbo ẹ̀ ni?

BabaWáyà

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó jáde láìpẹ́, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì òkè àti ojú àwòrán pọ̀ mọ́ra, kéèyàn tó yà wọ́n láìfọ́ ọ̀kan, ó nílò irinṣẹ́ tó yẹ àti sùúrù, torí náà odindi ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀. Lórí àwọn kan tí wọn ò lẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀, gíláàsì nìkan ṣeé rà. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń sanwó béèrè ni pé ṣé ojú tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí i ní touch lára. Láptọ́ọ̀pù kan náà lè wà ní oríṣi méjì, ọ̀kan ní touch, èkejì ò ní, ojú wọn sì jọra tó jẹ́ pé ẹ lè gba láptọ́ọ̀pù padà pẹ̀lú ojú tó mọ́ tó ń tàn yòò, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kàn án kò gbọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án níwájú ẹni tó ṣe é kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fa ìlà nínú Paint láti etí dé etí.

Ayàwòrán

Baba, ẹ ṣeun gidi gan-an. Ẹlòmíì ni mo gbé e lọ bá, mo ní kó gbọ́ ohùn yẹn ná, ó ti ojú ẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó gbọ́ ọ, ó mirí, ó tú ìdí ẹ̀ níwájú mi. Bátìrì ò wú. Ó fi iná ìmọ́lẹ̀ hàn mí, apá kan lára orí wáyà yẹn ti wọ́ jáde, ó dúró wọ́gọwọ̀gọ, ìlẹ̀kùn kékeré tẹ́ ẹ sọ yẹn ò sì ti mọ́. Ó gbé e sókè, ó kì í bọ̀ ọ́ kó tọ́, ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀, ó fi téèpù tín-ínrín kan dì í lókè kó má tún yọ. Kò ra nǹkan kan. Mo ká a dẹ́yìn tán pátápátá níbẹ̀, mo fa ìlà títí, kò já, kò ké. Owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nìkan ni mo san.

Mo ti padà sídìí iṣẹ́ mi báyìí. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín: àmì ìpamọ́ iná tẹ́ ẹ ní kí n yọ nínú Device Manager yẹn, ṣé kí n dá a padà ni àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

BabaWáyà

Mo bá yín yọ̀ o! Ẹ dá a padà, bátìrì yín á pẹ́ sí i. Kẹ́ ẹ wá wò ó fún bí ọjọ́ mélòó kan, tẹ́ ẹ bá ti ń jí láptọ́ọ̀pù látojú oorun tí touch sì ń gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tó bá jí látojú oorun nìkan ni kì í gbọ́, tí restart sì ń dá a padà, nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ tún yọ àmì yẹn, wáyà kọ́ nìyẹn.